Òǹtẹ̀ pupa kì í sọ irọ́ dòótọ́: Àwọn ohun tí òfin kò gbà kí nótárì ṣe

Ìwé mẹ́ta ni ọkùnrin náà yọ jáde nínú báàgì rẹ̀ nígbà tó jókòó tán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá bàbá mi ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé náà tán. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ pupa roboto kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹnì kan sì ti fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òǹtẹ̀ náà. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni àtàǹpàkò màmá. Ọkùnrin náà ní kí màmá tẹ̀ka sí ibi tí òun fi bírò yí po, pé bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà yunifásítì ti di ti oníbàárà òun nìyẹn. Ó ní nótárì ti buwọ́ lù ú, kò sì sí kóòtù tó lè yí i padà mọ́.

Màmá wo ìwé, ó wò mí. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bi mí lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

“Ọmọ mi, ẹni tó lu òǹtẹ̀ yìí, níbo ló ti rí mi?”

Mo gba ìwé náà, mo kà á. Ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni pé màmá ti fúnra rẹ̀ wá síwájú nótárì lọ́jọ́ náà gan-an, pé wọ́n ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé fún un ní èdè Yorùbá, pé ó yé e, àti pé ojú nótárì ló ti tẹ̀ka. Bẹ́ẹ̀, màmá kò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ láti àárọ̀. Àyè tí wọ́n ní ó ti tẹ̀ka sí ṣì funfun báláú.

Ìbéèrè màmá yìí ló mú kí akọ̀ròyìn yín lọ wo ohun tí òfin sọ. Nítorí pé láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì Ọyẹ́-Èkìtì sílẹ̀ lọ́dún 2011, tí ó sì ní ọgbà sí Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí à ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ sí tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí àwọn èèyàn fẹ́ kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ sí. Ibi tí owó bá sì wà, ìwé kì í jìnnà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àti ìyá wa ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti àyíká rẹ̀ ló sì gbà pé bí òǹtẹ̀ pupa bá ti wà lára ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ kò tíì parí.

Ta ni nótárì?

Lọ́yà ni nótárì ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Kì í ṣe gbogbo lọ́yà ló jẹ́ nótárì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè jẹ́ nótárì tí kì í ṣe lọ́yà. Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà ló ń yàn wọ́n, Ilé Ẹjọ́ tó ga jùlọ ló ni wọ́n gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ náà ló sì ń tọ́jú ìwé tí orúkọ gbogbo wọn wà. Èyí já sí pé ọmọkùnrin tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kò lè jẹ́ nótárì, bó ti wù kí òǹtẹ̀ tó kó sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni akọ̀wé lẹ́tà tó jókòó sábẹ́ igi, àti ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì tó ní òun mọ̀ nípa òfin.

Iṣẹ́ nótárì kò le láti mọ̀. Ó lè gba ìbúra lẹ́nu èèyàn. Ó lè jẹ́rìí pé ẹni báyìí ló fọwọ́ sí ìwé báyìí lójú òun. Ó lè jẹ́rìí pé ẹ̀dà ìwé kan bá ojúlówó rẹ̀ mu, pàápàá ìwé tí a fẹ́ lò lókè òkun. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rí nìkan ló ń jẹ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló yẹ kó fi òǹtẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú: fún ọ̀pọ̀ ìwé tí à ń lò nílé níbí, bíi ìwé ìbúra pé káàdì sọnù tàbí pé orúkọ yí padà, kò pọn dandan kí a wá nótárì lọ. Akọ̀wé kóòtù tí ìjọba fún láṣẹ láti gba ìbúra wà ní àwọn kóòtù wa, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni.

Kò gbọdọ̀ lu òǹtẹ̀ fún ẹni tí kò rí

Ohun tí nótárì kò gbọdọ̀ ṣe, tí ó sì pọ̀ jùlọ lágbègbè wa, nìyí. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé ẹni tó búra sí ìwé gbọdọ̀ fọwọ́ sí i, tàbí kó tẹ̀ka bí kò bá mọ̀wé kọ, lójú ẹni tó ń gba ìbúra náà. Lójú rẹ̀ ni òfin wí. Kò ní kí ọmọ gbé e lọ fún un, kò sì ní kí wọ́n fi mọ́tò gbé ìwé náà ránṣẹ́ sí Adó kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i wá.

Bí ẹni náà kò bá mọ̀wé kà, tàbí tí ojú rẹ̀ kò ríran, wọ́n gbọdọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé náà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, pé wọ́n ti kà á fún un ní èdè tó gbọ́, àti pé ó hàn pé ó yé e. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Òfin mìíràn tún wà láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá bá irú wọn kọ̀wé gbọdọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Bí wọ́n bá gbé ìwé tí kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wá bá yín, ẹ béèrè ohun tó ń fi pa mọ́.

Kóòtù kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti da gbólóhùn ẹlẹ́rìí nù nítorí pé ẹlẹ́rìí náà jẹ́wọ́ níwájú adájọ́ pé ọ́fíìsì lọ́yà òun lòun ti fọwọ́ sí i, pé òun kò dé iwájú ẹni tó gba ìbúra rárá.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀

Èkejì, nótárì kò gbọdọ̀ lo òǹtẹ̀ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó kan òun fúnra rẹ̀. Abala 19 nínú òfin àwọn nótárì ló sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀rí náà sì gbè é lẹ́sẹ̀ ní abala 112: a kò gbọdọ̀ gba ìwé ìbúra tí ẹnì kan búra rẹ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ lò ó, tàbí níwájú lọ́yà onítọ̀hún, tàbí níwájú ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́yà pọ̀, tàbí akọ̀wé lọ́yà náà.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù nìkan lèyí, kó rántí ẹjọ́ ìbò ààrẹ ọdún 2007. Ọ̀gágun Muhammadu Buhari pe ẹjọ́ tako bí wọ́n ṣe kéde Umaru Yar'Adua pé òun ló wọlé. Àwọn ẹlẹ́rìí kọ gbólóhùn wọn, wọ́n sì búra sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ìwé náà wò, wọ́n rí i pé iwájú nótárì tó tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn lọ́yà olùpẹ̀jọ́ ni wọ́n ti búra sí àwọn kan nínú rẹ̀. Kóòtù kò gbà wọ́n wọlé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Ilé Ẹjọ́ tó ga jùlọ, Adájọ́ Niki Tobi ló ka ìdájọ́ àgbà ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 2008, ilé ẹjọ́ náà sì gbè é lẹ́sẹ̀ pé lọ́yà tó ń jà fún ẹnì kan kò lè tún jókòó gẹ́gẹ́ bí nótárì lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Kì í ṣe èyí nìkan ló mú kí ẹjọ́ náà ṣubú. Adájọ́ mẹ́rin ló gbè sí apá kan, mẹ́ta sì wà lápá kejì. Síbẹ̀, ẹ̀rí tí àwọn èèyàn fi ẹnu ara wọn jẹ́ ló dòfo nítorí òǹtẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Àwa ará Èkìtì náà mọ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe wúwo tó. Láàárín ọdún 2007 sí 2010, ẹjọ́ ìbò gómìnà láàárín Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọmọ Ìsàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́, àti Ṣẹ́gun Òní, ọmọ Ìfàkì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Ọ̀sì, ló gba gbogbo ilé kan títí tí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlọrin fi dájọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010. Nínú irú ẹjọ́ báyẹn, orí gbólóhùn tí àwọn ẹlẹ́rìí búra sí ni ẹjọ́ ń dúró lé. Àgbẹ̀ tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdó ìdìbò lè sọ òtítọ́ pọ́ńbélé, kí òtítọ́ rẹ̀ sì ṣòfò nítorí ibi tó jókòó sí nígbà tó fọwọ́ sí i.

Bí a bá mú u wá sílé, lọ́yà tó ń ṣojú ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ yín kọ́ ló yẹ kó gba ìbúra yín lórí ilẹ̀ náà. Bí nótárì fúnra rẹ̀ bá sì jẹ́ ọmọ ẹbí tó fẹ́ jẹ nínú owó rẹ̀, kó gbé òǹtẹ̀ rẹ̀ jìnnà.

Òǹtẹ̀ kì í ta ilẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Nótárì kò lè sọ ẹni tí kò ni ilẹ̀ di onílẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé pé èmi ni mo ni òkè Ìkọ̀lé, tí mo sì búra sí i, ohun tí òǹtẹ̀ nótárì jẹ́rìí sí kò ju pé èmi ni mo búra bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ pé òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ irọ́, irọ́ tí a lu òǹtẹ̀ sí ni.

Fún ilẹ̀ ẹbí, àwọn kóòtù wa ti fi ìlànà lélẹ̀ tipẹ́. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdí igi kọ̀ọ̀kan ló gbọdọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika lọ́dún 1959, kóòtù ṣàlàyé rẹ̀ kedere: bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ìdí igi mọ̀, wọ́n lè lọ sí kóòtù láti dá a padà bí wọn kò bá fi àsìkò ṣòfò. Kò sí òǹtẹ̀ tó lè gbapò ìpàdé ẹbí.

Lẹ́yìn èyí ni òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 tún wà. Fún ilẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ gómìnà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní C of O, gómìnà gbọdọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹni tó ni ín tó lè gbé e fún ẹlòmíràn. Fún ilẹ̀ ìbílẹ̀, òfin náà fi àṣẹ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nótárì kì í ṣe gómìnà, kì í sì í ṣe alága ìjọba ìbílẹ̀.

Kò lè so tọkọtaya pọ̀, kò sì lè yí ọjọ́ orí padà

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń lọ búra pé tọkọtaya ni àwọn, wọ́n á sì rò pé wọ́n ti ṣègbéyàwó nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Rẹ́jísírà ìgbéyàwó tàbí ilé ìjọsìn tí ìjọba fún níwèé àṣẹ ló ń ṣe ìgbéyàwó alárédè. Ẹbí ló ń ṣe ti ìbílẹ̀, àwọn Mùsùlùmí sì ní yìgì tiwọn. Ìwé ìbúra kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ọjọ́ tí ọkọ bá kú ni ìyàwó á tó mọ̀ pé ìwé lásán ló wà lọ́wọ́ òun.

Bákan náà ni ìwé ìpíngún. Òfin ní kí ẹni tó ń pín ogún rẹ̀ fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí a pín ogún fún kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí. Òǹtẹ̀ nótárì kò lè dípò ẹlẹ́rìí kejì tí kò sí.

Ní ti ọjọ́ orí, àwọn bàbá wa tí wọ́n bí nígbà ogun Hitler kò ní ìwé ìbí, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ẹni tó jù wọ́n lọ búra sí ohun tó mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1992 ni òfin ti sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí ètò ìkànìyàn. Òǹtẹ̀ nótárì kò lè fi ọdún márùn-ún dín ọjọ́ orí òṣìṣẹ́ ìjọba kó lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá búra èké níwájú kóòtù lè fi ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 14 jura lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn. Ẹ̀yin lẹ búra, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́jọ́. Nótárì kò ní bá yín lọ.

Ti àwọn ọmọ wa lókè òkun

Ọ̀pọ̀ ilé ló ní ọmọ ní Amẹ́ríkà tàbí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọ náà sì ń fi ìwé ránṣẹ́ pé kí àbúrò òun máa ṣojú òun lórí ilé tàbí ilẹ̀. Bí nótárì tàbí aṣojú ìjọba wa níbẹ̀ bá jẹ́rìí sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, òfin ẹ̀rí wa ní abala 150 ní kí kóòtù gbà pé lóòótọ́ ni ọmọ náà fọwọ́ sí i, àyàfi bí ẹlòmíràn bá fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìrànlọ́wọ́ gidi lèyí jẹ́.

Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà kò túmọ̀ sí iṣẹ́ kan náà. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń yan nótárì tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í sì í ṣe lọ́yà rárá. Òfin kò gbà kí irú wọn máa gba èèyàn nímọ̀ràn lórí òfin tàbí kí wọ́n gba owó lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú bí lọ́yà. Lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa ní Kétu àti Sákétẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ̀yìn òfin àwọn Faransé ni wọ́n ń tọ̀, iṣẹ́ nótárì níbẹ̀ sì ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ: òun ló ń kọ ìwé títa ilẹ̀ tó wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Ẹ má ṣe gba ìtàn ibẹ̀ lò níbí.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe

Ẹ̀yin òbí wa, kí ẹ tó tẹ̀ka, ẹ jẹ́ kí ọmọ tiyín tó mọ̀wé ka ìwé náà fún yín látòkè délẹ̀, kì í ṣe ọmọ ẹni tó gbé e wá. Ẹ wò ó bóyá àyè òfìfo wà nínú rẹ̀ tí wọ́n lè kọ nǹkan sí lẹ́yìn yín. Ẹ béèrè orúkọ nótárì, kí ẹ sì ní àwọn fẹ́ rí i sójú. Bí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀ sí i kí ẹ tó tẹ̀ka, ẹ dá a padà. Ẹ gba ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sọ́dọ̀ Legal Aid Council ní Adó-Èkìtì. Ìjọba àpapọ̀ ló dá a sílẹ̀ fún ìrànwọ́ àwọn tí kò ní.

Ẹni tó bá sì ti tẹ̀ka sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó má ṣe jókòó sílé máa sunkún. Kó tètè sọ fún ẹbí, kó sì tètè rí lọ́yà, nítorí kóòtù kì í fẹ́ràn ẹni tó mọ̀ tó sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ti ìyá àgbà, ó ká ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dá a padà fún ọkùnrin náà tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Ó ní kó lọ sọ fún ẹni tó lu òǹtẹ̀ pé kó wá kí òun fúnra rẹ̀, kó wá bá òun jẹ iyán, kí ó lè mọ ojú ẹni tó ní ó ti wá síwájú òun. Ọkùnrin náà ní òun ń bọ̀. Títí di ìgbà tí mo ń kọ ìròyìn yìí, kò tíì padà wá. Ẹbí ti ṣe ìpàdé lórí ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó wà ní Ìbàdàn sì ti dá sí i. Wọn kò tíì fẹnu kò. Ẹ̀gẹ́ ṣì wà lórí ilẹ̀ náà, àtàǹpàkò màmá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.